Afẹ́fẹ́ Ní Í Mú Aṣọ Gbẹ: Ìtàn Ẹ̀rọ Amáṣọgbẹ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá fọ aṣọ ní Kánò ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, tó fún un, tó sì sá a sórí okùn, kì í pẹ́ kó tó gbẹ táútáú, bí òtútù ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú ẹni tó sá a. Bí ó bá fọ irú aṣọ kan náà ní Kàlàbá ní oṣù Agẹmọ, tí òjò kò dáwọ́ dúró, aṣọ náà lè lo ọjọ́ méjì lábẹ́ òrùlé kó ṣì tutù, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kì í ṣe pé ooru kò sí ní Kàlàbá; ohun tí kò sí níbẹ̀ ní àkókò náà ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ooru a máa tú omi kúrò lára òwú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé omi náà lọ. Gbogbo alágbàfọ̀ ló mọ èyí láìka ìwé. Òun náà ni àwọn tó ṣe ẹ̀rọ amáṣọgbẹ fi ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ wá, ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ náà nílé tó gbàgbé rẹ̀ lè fi owó, tàbí ilé, tàbí ẹ̀mí pàápàá, kọ́gbọ́n.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí yìnyín ń bò mọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ti ṣẹ̀, nítorí pé aṣọ tí wọ́n bá sá síta níbẹ̀ nígbà òtútù a máa gan bí pákó. Ní nǹkan bí ọdún 1800, ará ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Pochon ṣe àgbá onírin kan tí wọ́n lu ihò sí lára yíká. Wọn a kó aṣọ tútù sínú rẹ̀, wọn a sì máa fi ọwọ́ yí i lórí iná. Ventilator ni wọ́n ń pe àgbá náà. Gbòngbò ọ̀rọ̀ yìí nínú èdè Látìnì sì ni ventus, tó túmọ̀ sí afẹ́fẹ́. Orúkọ náà bá ohun tó yẹ kí ẹ̀rọ ṣe mu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì dé ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gba inú àgbá kọjá kò mọ́: èéfín ni ó ń gbé bọ̀. Aṣọ a máa rùn fún èéfín, òmíràn a sì jó.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Òkúdù, ọdún 1892, ìjọba Amẹ́ríkà fún George T. Sampson, ará ìlú Dayton ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ìwé-àṣẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 476,416 lórí ohun-èlò ìmáṣọgbẹ tó ṣe. Ènìyàn dúdú ni Sampson, ọdún 27 péré sì ni ó ti kọjá nígbà náà tí òfin ti fi òpin sí oko ẹrú ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Ohun tó ṣe kò lọ́jú pọ̀: férémù tó ń gbé aṣọ sún mọ́ sítóòfù ni, èyí tí wọ́n lè gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọn kò bá lò ó. Aṣọ kúrò lórí iná, ó bọ́ sí ìtòsí ooru.

Ní ìpínlẹ̀ North Dakota, níbi tí òtútù ti le gan-an, ó sú J. Ross Moore láti rí i tí wọ́n ń sá aṣọ sínú yìnyín. Ó kọ́ àtíbàbà kan, ó gbé sítóòfù sínú rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ kọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ alágbàá tó ń lo iná mànàmáná tàbí gáàsì, ilé-iṣẹ́ Hamilton ní ìlú Two Rivers, ìpínlẹ̀ Wisconsin, sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1938 wọ́n gbé e jáde fún títà, wọ́n sọ ọ́ ní June Day, ìyẹn ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, nígbà tí oòrùn ń ràn dáadáa lọ́dọ̀ tiwọn. Òkúdù tiwọn kì í ṣe Òkúdù Kàlàbá.

Ìlànà kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní ń tẹ̀ lé. Mọ́tò ń fi bẹ́líìtì gígùn yí àgbá, ó sì tún ń yí fáànù. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́ kọjá lára wáyà tó ń gbóná, afẹ́fẹ́ náà gba àárín aṣọ kọjá, ó gba omi sára, ó sì gba páìpù jáde sí ìta ilé. Kó tó jáde, ó gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kan, nítorí pé aṣọ tó ń yí a máa gbọn fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ dànù. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé: láti ara aṣọ gan-an ni ohun tó ń ba ẹ̀rọ jẹ́ ti ń wá.

Asẹ́ kò lè mú gbogbo rẹ̀. Èyí tó bá yọ́ kọjá a máa kó jọ sínú páìpù àti yí mọ́tò ká, títí dé ìtòsí wáyà gbígbóná. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ panápaná fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2008 sí 2010 pé ẹ̀rọ amáṣọgbẹ ń dá iná bíi 2,900 sílẹ̀ nínú ilé lọ́dọọdún, pé ènìyàn bíi 5 ń kú, 100 sì ń fara pa. Àìtún ẹ̀rọ ṣe mọ́ ni ó ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ògún, ọdún 2016, ẹ̀rọ amáṣọgbẹ kan tó ní àbùkù dá iná sílẹ̀ nínú ilé gogoro kan ní Shepherd's Bush, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò rí ibi padà sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, bí aṣọ kò bá gbẹ mọ́ ní ìwọ̀n àkókò tó ti máa ń gbẹ, afẹ́fẹ́ ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè, kì í ṣe iná. Kí a yọ asẹ́, kí a bu omi sí i. Bí omi bá dúró lórí rẹ̀ tí kò jò, ohun tí wọ́n fi ń mú aṣọ rọ̀ ti dí ojú rẹ̀; ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ni oògùn rẹ̀. Kí a jáde síta nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí a na ọwọ́ sí ẹnu páìpù. Bí atẹ́gùn ibẹ̀ kò bá lágbára, páìpù ti dí. Bí mọ́tò bá ń dún tí àgbá kò yí, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì ti já. Bí àgbá bá ń yí tí ooru kò sí, ó lè jẹ́ wáyà gbígbóná ni ó já, ó sì lè jẹ́ fíúùsì ooru ni. Fíúùsì yìí a máa já láti dá ẹ̀rọ dúró kí ilé má bàa jó. Oníṣẹ́ tó bá pààrọ̀ rẹ̀ láìtú páìpù wò, ewé ló já, gbòngbò wà nílẹ̀. Èyí tó bá fi wáyà lásán dípò rẹ̀ ti lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. A kò gbọdọ̀ tú ẹ̀rọ láìkọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára iná, aṣọ tí epo bẹntiróòlù tàbí òróró bá sì ti ta sí kò gbọdọ̀ wọ inú àgbá rárá.

Àwọn kan tó ń ti Amẹ́ríkà kó ẹrù bọ̀ wá sí Nàìjíríà a máa kó ẹ̀rọ yìí mọ́ ọn. Wáyà gbígbóná inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń gba 240 fóòtì, ṣùgbọ́n 120 ni mọ́tò rẹ̀ ń lò. Iná ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230, kò sì sí 120 nínú rẹ̀. Ẹni tó bá so ẹ̀rọ náà lásán, mọ́tò lè jó. Bí a tilẹ̀ fi tiransifọ́mà wá 120 fún mọ́tò, iná Amẹ́ríkà ń yí padà ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 50. Mọ́tò náà yóò falẹ̀, fáànù yóò falẹ̀ tẹ̀lé e, afẹ́fẹ́ yóò dín kù, ooru kò sì ní dín. Ọ̀rọ̀ tún padà sídìí afẹ́fẹ́.

Láti ìgbà Pochon, ohun tí a ó fi mú aṣọ gbóná kò wọ́n. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé, tí yóò sì gbà jáde ní mímọ́, ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ti ṣe ìpín tiwọn. Ìpín tó kù wà lọ́wọ́ onílé, kò sì ju pé kó yọ asẹ́, kó ha òwú ara rẹ̀ dànù ní gbogbo ìgbà tó bá ti kó aṣọ jáde, kó sì tú páìpù wò ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.