Ta Ni Ó Da Omi Náà?

Ọmọ tí ó bá ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí ọjà Ìkòtún kì í pẹ́ mọ̀ pé gàrí kóńgò kan, ìbáà wà nínú ọ̀rá, ìbáà wà nínú igbá, kóńgò kan náà ni. Ó sì tún mọ̀ pé ó yẹ kí á ṣọ́ ọwọ́ ẹni tí ń wọ̀n ọ́n. Ohun méjèèjì yìí ni ó da àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá láàmú ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Jean Piaget, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland, ni ó mú ìdánwò náà lókìkí. A ó bu omi dídọ́gba sínú ife méjì tí ó jọra. A ó wá da ti ọ̀kan sínú ife mìíràn tí ó gùn tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ kékeré a ní ti inú ife gígùn ni ó pọ̀ jù, nítorí ojú ń tàn án. Bí ó bá dàgbà sí i, a mọ̀ pé omi kò pọ̀ sí i, kò sì dín.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Patricia Greenfield, akẹ́kọ̀ọ́ Jerome Bruner ní Yunifásítì Harvard, gbé ìdánwò yìí lọ bá àwọn ọmọ Wọ́lọ́fù ní Sẹ̀nẹ̀gà. Nínú àwọn ọmọ abúlé tí kò lọ sí ilé-ìwé, nǹkan bí ìdajì péré nínú àwọn ọmọ ọdún 11 sí 13 ni ó gbà pé omi náà kò yí padà. Ẹni tí ó bá kánjú yóò ní ọpọlọ wọn kò jí. Greenfield kò kánjú. Bí a bá bi wọ́n pé, “Kí ni ìdí tí o fi ní ó yàtọ̀?” wọn a dákẹ́, bí a bá ní, “Kí ló dé tí èyí fi rí báyìí?” wọn a fèsì. Àwọn kan ní ẹni tí ó da omi náà ni ó sọ ọ́ di púpọ̀. Nígbà tí a jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn dà á, àwọn tí ó gba ìdáhùn náà pọ̀ sí i gidigidi. Ó tẹ ìròyìn yìí jáde ní 1966. Lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Los Angeles, tí ó ń ṣèwádìí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè.

Ní 1978, Judith Irvine, onímọ̀ èdè àti àṣà, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ó ní kí àwọn ará abúlé Wọ́lọ́fù ṣe olùkọ́ èdè fún òun, kí wọ́n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún dídọ́gba àti pípọ̀jù. Bí kò ti jẹ́ ìdánwò mọ́, àlàyé wọn yọ kedere: ibi tí omi ga dé ni ó yàtọ̀, omi fúnra rẹ̀ kò yàtọ̀.

Ó yẹ kí èyí yé Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bá mú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò dúró, tí a ní wọ́n dọ́gba, gíga ni à ń wí. Bí olùkọ́ bá wá nawọ́ sí ife méjì, tí ó ní, “Ṣé wọ́n dọ́gba?” èwo ni ó ń béèrè, ife ni àbí omi?