Atari àti Amiga: Ìjà Láàárín Ọmọ Ìyá

Ní ọdún 1985 ni kọ̀ǹpútà méjì jáde fún ìlò inú ilé: Atari ST, àti Amiga ti ilé-iṣẹ́ Commodore. Láìpẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì pín sí ẹgbẹ́ méjì. Eré orí ọ̀kan kì í ṣiṣẹ́ lórí èkejì, òbí tó sì ra ọ̀kan kò ní ra méjì; àfi kí ọmọ gbèjà èyí tó bá wà nílé wọn. Àwọn ti Amiga ń fi àwòrán aláràbarà àti ohùn ẹ̀rọ wọn yangàn. Àwọn ti Atari ní tiwọn kò wọ́n, àwọn olórin sì lè so dùùrù wọn mọ́ ọn tààrà.

Ta ni bàbá ta? Jack Tramiel, ẹni tó dá Commodore sílẹ̀, kúrò níbẹ̀ nínú ìjà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1984. Nígbà tó di oṣù Agẹmọ, ó ti ra ẹ̀ka kọ̀ǹpútà Atari. Jay Miner tó ṣe Amiga, ọmọ iṣẹ́ Atari ni tẹ́lẹ̀. Amiga tilẹ̀ ti yá 500,000 dọ́là lọ́wọ́ Atari kí Commodore tó rà á, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Àní, Motorola 68000 kan náà ni ọpọlọ ẹ̀rọ méjèèjì! Ẹni tó ń bú Atari, iṣẹ́ ọwọ́ olùdásílẹ̀ Commodore ló ń bú.

Ní oṣù Igbe ọdún 1994, Commodore kógbá sílé. Atari ti pa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tì ṣáájú ìgbà náà.