Ilé Wó, Ìmọ̀ Kù: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Àwọn Yahudi Àtijọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ilé ìjọsìn tí ìran kan gbójú lé bá jóná, kí ni yóò kù lọ́wọ́ wọn? Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn àwọn Yahudi àtijọ́.

Ìran Ànábì Yaakubu ni wọ́n, àwọn tí Al-Kùránì ń pè ní Banu Israila. Wọ́n gbàgbọ́ pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ni ó tọ́ láti sìn, pé Ó bá Ànábì Ibrahima dá májẹ̀mú, Ó sì fún Ànábì Musa ní Taora. Wọn kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ di alẹ́ Sátidé. Ilé tí Ànábì Sulaimana kọ́ sí Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ti ń rúbọ.

Ní ọdún 586 kí a tó bí Ànábì Isa, Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, sun Ilé náà, ó sì kó ọ̀pọ̀ wọn nígbèkùn. Nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà ṣẹ́gun Bábílónì ní 539, ó jẹ́ kí wọ́n padà sílé. Wọ́n parí Ilé kejì ní nǹkan bí ọdún 515.

Ní ọdún 70 lẹ́yìn Isa, àwọn ọmọ ogun Róòmù tún wó o. Bí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje rẹ̀ lọ ṣì wà ní gbígbẹ́ sára òkúta ní Róòmù títí dòní. Ìrúbọ dópin. Ṣùgbọ́n onímọ̀ wọn, Yohanan ọmọ Zakkai, kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí ìlú Yavneh. Àdúrà àti ẹ̀kọ́ gba ipò ẹbọ. Ní nǹkan bí ọdún 200, wọ́n kó ìmọ̀ àtẹnudẹ́nu wọn jọ, wọ́n pè é ní Mishna.

Ọ̀nà wa àti tiwọn yà nípa Ànábì Isa àti Ànábì wa Muhammad, kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá wọn. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa. A ń fi owó ńlá kọ́ mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n ọmọ mélòó nínú ilé wa ni ó ń lọ sí ilé kéú déédéé? Àwọn àgbà ti wí i: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí Ọlọ́hun fi ìmọ̀ jíǹkí wa. Àmín.