Ọ̀dàn Kì Í Ṣe Aṣálẹ̀

Òjò ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Ọjà Ọba, ní Ìbàdàn, lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí. Ẹrẹ̀ ti mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀, àwọn ìyá elẹ́wé ọmọ sì ń gbọn omi kúrò lórí ọ̀rá tí wọ́n fi bo ọjà wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gòkè Màpó ti dúró, ó nawọ́ yíká, ó ní, "Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni Ìbàdàn. Etí aṣálẹ̀ ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó sí, ilẹ̀ gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́." Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Omi ń kán láti etí páànù sórí ìwé wọn.

Mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu adarí ètò níbi ìnáwó. Tọjọ́ yẹn ló wá sú mi pátápátá.

Ta ló sọ fún wọn pé ọ̀kan náà ni ọ̀dàn àti aṣálẹ̀? Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ. Ẹran ń jẹ̀ níbẹ̀, àgbẹ̀ ń kọ ebè iṣu síbẹ̀, igi irúgbá ń so níbẹ̀. Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ tó ti ṣá. Ijù, tí àwọn kan tún ń fi pe aṣálẹ̀, ńkọ́? Ijù tí ọdẹ ń wọ̀ kún fún igi fọ́fọ́. Àìsí ènìyàn níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ijù. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá parí ní 1884, ijù ni wọ́n fi Jòhánù Onítẹ̀bọmi sí, ní Jùdíà tí òkúta pọ̀ ju igi lọ. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń gbẹ lẹ́nu wa.

Ti òjò kò tó ohun tí à ń jà lé lórí. Ẹni tó bá rántí ohun tí àkúnya odò Ògùnpa ṣe lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kò ní pe ìlú yìí ní ìlú ọ̀gbẹlẹ̀. Òro àti ìgbín ni wọ́n ní àwọn ènìyàn Lágelú, ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìlú náà dó, jẹ lórí òkè nígbà tí ogun lé wọn, ó wà nínú oríkì ìlú. Ìgbín wo ló ń rìn ní aṣálẹ̀?

Àwọn tó ní Ẹ̀bá Ọ̀dàn ló di Ìbàdàn kò tilẹ̀ ka ohùn sí. Ohùn òkè tó wà lórí "bá", ibo ló gbà lọ? Ẹ wo Ẹ̀gbádò, tí wọ́n ní ó wá láti Ẹ̀gbá Odò, ohùn òkè tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbà fún wọn. Igbó wà lápá gúúsù, ọ̀dàn wà lápá àríwá, ìlú sì wà láàárín méjèèjì. Ibi tó dára ni.

Ní ti pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ilẹ̀ náà, gbólóhùn kan ni mo fẹ́ kí wọ́n kà, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣètò rẹ̀, tó sì jáde ní 1921. Mo ti kà á débi pé ojú ewé náà ń ṣí fúnra rẹ̀. Johnson ń ròyìn bí ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ṣe tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká, ní nǹkan bí 1829. Ó ní Ìbàdàn nìkan ni wọ́n bá tí iná kò jó run. Wọ́n já wọ ibẹ̀, balógun kọ̀ọ̀kan sì mú agbo ilé tó wù ú.

Agbo ilé! Wọn kò ṣán igbó, wọn kò wọn ilẹ̀. Ilé onílé ni wọ́n wọ̀. Ahoro ni wọ́n bá, ọ̀dá kọ́ ló sì sọ ọ́ dahoro, ogun ni. Ta ló ni ààrò tí wọ́n dáná sí lálẹ́ ọjọ́ kìíní? Johnson tún sọ bí ó ṣe tóbi tó: ọjà àárín ìlú àti nǹkan bí ìdajì máìlì yí i ká. Ọjà Ọba yìí náà ni. Àárín ahoro gan-an ni ọmọkùnrin yẹn dúró sí tó ń nawọ́ sí aṣálẹ̀. Mo sì rò pé mo mọ ìdí tí aṣálẹ̀ fi dùn ún sọ jù. Aṣálẹ̀ kò ní onílẹ̀. Ahoro ní.

Orúkọ ọjà náà fúnra rẹ̀ ti yí padà bẹ́ẹ̀. Ọjà Ìbà ni, ọjà Baṣọ̀run Olúyọ̀lé tí wọ́n ń pè ní Ìbà. Baálẹ̀ ló ń jẹ ní Ìbàdàn títí di 1936 tí oyè di Olúbàdàn. Ẹnu yí Ìbà, ọba bá wọlé sínú orúkọ tí kò bá a tẹ́lẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò Bẹẹrẹ. Bẹẹrẹ náà ni orúkọ koríko ọ̀dàn tí Ọ̀yọ́ máa ń fi bo ilé nígbà àtijọ́, tí wọ́n sì máa ń ṣọdún rẹ̀ fún Aláàfin. Àwọn ará Ọ̀yọ́ tó wọ ilé Ẹ̀gbá yóò wá koríko tí wọn yóò fi tún òrùlé ṣe kí òjò tó dé. Níbo ni wọ́n ti gé e? Ta ló sì kọ́kọ́ pe ibi tí mo dúró sí yìí ní Bẹẹrẹ, onílé tó sá ni, àbí ẹni tó ń wá koríko òrùlé?