Rọ́bà Gba Etíkun Lọ, Ó Di Táyà Padà: Ìtàn Awakọ̀ Douala àti Táyà Tó Ń Jò

Táyà ni awakọ̀ akẹ́rù kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò kó tó jáde ní èbúté Douala ní Kamẹrúùnù. Yóò mú irin tàbí òòlù, yóò máa gbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì tẹ́tí sí ìró wọn. Táyà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ a dún kó-kó, irin a sì ta padà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Èyí tó ti ń jò a dún bòò bí ẹni gbá àpò gààrí. Bangui, olú-ìlú Central African Republic, lé ní 1,400 kìlómítà sí Douala, N'Djamena ní Chad sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lọ sí irú ibẹ̀ kì í gbé sípíà kan ṣoṣo. Méjì tàbí mẹ́ta ló ń so mọ́ ara ọkọ̀, ọmọ mọ́tò a sì rí i pé jáàkì, spánà wíìlì, túùbù àti igi tí wọ́n fi ń há táyà kó má yí wà níkàlẹ̀.

Ìtàn àṣà ìmúrasílẹ̀ yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, inú igbó rọ́bà ló sì ti bẹ̀rẹ̀, ṣáájú kí mọ́tò tó pọ̀ ní Douala rárá. Ilẹ̀ tó ń fún ayé ní rọ́bà ni awakọ̀ rẹ̀ ń ra táyà àlòkù, tó sì ń lẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní ibi tí wọ́n tún lè lẹ̀ mọ́. Ohun tó dunni nínú ìtàn náà nìyẹn. Ohun tó yẹ ká yìn nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò sí ìwé tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ní oṣù Keje 1884, àwọn ọba Douala, Bell àti Akwa, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì, Gustav Nachtigal tó jẹ́ aṣojú ìjọba Jámánì sì gbé àsíá wọn ró sí etí odò Wouri. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, dókítà ẹran kan ní Belfast, John Boyd Dunlop, ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ara tu ẹni tó gùn ún, àmọ́ ohun tó bá ní afẹ́fẹ́ nínú lè jò, táyà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn sì lẹ̀ mọ́ wíìlì gbọingbọin. Ẹni tí tirẹ̀ bá jò, ó di kó jókòó tì í fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Édouard àti André Michelin ló wá gbé táyà tó ṣeé bọ́ kúrò jáde ní 1891. Ní 1895 wọ́n fi mọ́tò kan tí wọ́n sọ ní Éclair bá wọn sá ìdíje láti Paris dé Bordeaux àti àbọ̀, nǹkan bíi 1,200 kìlómítà. Táyà wọn jò títí, wọ́n pààrọ̀ túùbù tó lé ní ogún, wọ́n sì pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n wọ́n dé. Gbogbo ayé rí i pé mọ́tò lè rìn lórí afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń wà á bá múra sílẹ̀ de jíjò.

Ní ọdún 1895 yẹn kan náà, òwò rọ́bà ń gbóná ní Èkó. Igi ìré ni wọ́n ń kọ lára nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá, ìwọ̀n rọ́bà tó sì lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ni wọ́n kó gba Èkó lọ sí òkè òkun lọ́dún kan ṣoṣo. Wọ́n kọ igi náà ní ìkọkúkọ débi pé ọ̀pọ̀ wọn kú, òwò náà sì rẹ̀yìn kí ọ̀rúndún náà tó parí.

Ní Kamẹrúùnù, ìré kan náà wà nínú igbó, pẹ̀lú àwọn ìtàkùn tó ń mú oje rọ́bà jáde. Ìjọba Jámánì pín ilẹ̀ ńláńlá fún ilé iṣẹ́: Gesellschaft Süd-Kamerun gba tirẹ̀ ní gúúsù ní 1898, Gesellschaft Nordwest-Kamerun tẹ̀ lé e ní 1899. Èèyàn ló ń fi orí ru rọ́bà jáde nínú igbó gúúsù wá sí Kribi létí òkun, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, lójú ọ̀nà tí ebi, àìsàn àti ẹgba kò jìnnà sí. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́, rọ́bà ló ń mú owó wọlé jù nínú gbogbo ẹrù tí ilẹ̀ náà ń tà. Nígbà tó di 1913, rọ́bà inú ọgbà ilẹ̀ Éṣíà kún ọjà, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Àwọn tó fi orí ru rọ́bà yẹn kò fi táyà rìn rí láyé wọn.

Ibi tí iṣẹ́ awakọ̀ àti mẹkáníìkì ti wá fìdí múlẹ̀ ní Douala, ẹ̀jẹ̀ ló ṣíwájú rẹ̀. Àwọn Jámánì fẹ́ lé àwọn Duala kúrò ní etí odò, kí wọ́n kó wọn lọ sí ilẹ̀ tuntun tí wọ́n pè ní Neu-Bell. Ọba wọn, Rudolf Duala Manga Bell, tako ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1914. Kí oṣù tó tẹ̀ lé e tó parí, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti gba ìlú náà. Lábẹ́ Faransé, New Bell di àdúgbò àlejò: àwọn tó wá láti inú Kamẹrúùnù, àwọn Hausa, àti àwọn tó wá láti Nàìjíríà. Onímọ̀ ìtàn Lynn Schler kọ odindi ìwé lórí bí àwọn àlejò wọ̀nyí ṣe kọ́ ara wọn ní bí a ti ń gbé pọ̀. Iṣẹ́ èbúté àti iṣẹ́ rélùwéè ló gbé ọ̀pọ̀ wọn wá. Ẹni tí kò rí ìyẹn ṣe, ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ.

Iṣẹ́ ipá ni Faransé fi la ọ̀pọ̀ ọ̀nà mọ́tò tó kúrò ní etíkun. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà wọ̀nyẹn, òkúta mímú wà nínú rẹ̀, òjò Douala sì jẹ́ irú èyí tó ń rọ̀ fún oṣù lórí oṣù. Ẹni tó bá jáde láìmúra, ojú ọ̀nà ló máa sùn. Láyé ìbẹ̀rẹ̀ mọ́tò ní Yúróòpù pàápàá, ọkọ̀ kì í gbé sípíà rìn. Ọdún 1904 ni àwọn Davies ti ìlú Llanelli ní Wales bẹ̀rẹ̀ sí í ta wíìlì àfikún tí wọ́n pè ní Stepney. Ìwé atọ́nà Michelin tó jáde ní 1900, tí ayé fi ń mọ ilé oúnjẹ tó dáa lónìí, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń bọ́ táyà àti bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ kún inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni awakọ̀ ilẹ̀ wa kọ́ lẹ́nu ọ̀gá, láìsí ìwé: irin méjì tí a fi ń ṣí etí táyà, pọ́ǹpù ọwọ́, rọ́bà tí a gé sí wẹ́wẹ́, àti sọlúṣàn tí a fi ń lẹ̀ ẹ́. Níbi tí gbogbo ìyẹn bá ti tán, àwọn arìnrìn-àjò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ a máa ki koríko sínú táyà dan-in dan-in, wọn a sì rọra wọ́ dé abúlé tó sún mọ́ wọn jù.

Nígbà tó di Ogun Àgbáyé Kejì, rọ́bà tún di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè. Leclerc, ọ̀gá ológun Faransé, gba Douala fún de Gaulle, olórí àwọn Faransé tí kò juwọ́ sílẹ̀ fún Jámánì, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1940. Ní 1942 Japan gba Malaya àti àwọn erékùṣù tí rọ́bà ayé ti ń wá, àwọn tó ń bá a jà sì kọjú sí igbó Áfíríkà. Wọ́n tún lé àwọn ará Kamẹrúùnù padà sídìí ìtàkùn àti igi ìré, wọ́n sì fi ipá kó èèyàn lọ sí ọgbà rọ́bà Dizangué, tí kò jìnnà sí Édéa. Òpìtàn Eric Jennings ti tú àṣírí ìyà tí wọ́n jẹ níbẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun Faransé mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin 1946 ni òfin tí Houphouët-Boigny, aṣòfin láti Ivory Coast, gbé wá fi òpin sí iṣẹ́ ipá.

Afárá Wouri tí wọ́n parí ní 1955 so ìlú mọ́ Bonabéri ní òdìkejì odò, nǹkan bíi 1,800 mítà lórí omi. Ọkọ̀ pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣó, ìgò fífọ́ àti irin ojú títì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ fọkanáísà, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí ti pàdé. Táyà àlòkù tó gbé dúró lẹ́bàá títì ni àmì ìsọ̀ rẹ̀, yálà ní Ndokoti ní Douala tàbí ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Yóò fi irin ṣí etí táyà, yóò fa túùbù jáde, yóò fẹ́ ẹ, yóò sì tẹ̀ ẹ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí omi bá ti ń hó, ibẹ̀ ni ihò wà. Yóò fi ayùn kékeré ha ojú ibẹ̀ títí yóò fi mọ́, yóò gé rọ́bà tútù lé e. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ iná, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kọjá kò fiyè sí. Písítìn ẹ́ńjìnnì àlòkù ni wọ́n ń dojú rẹ̀ dé, tí orí rẹ̀ tó tẹ́jú yóò jókòó lórí rọ́bà, tí ihò inú rẹ̀ yóò kọjú sókè. Wọn a fi irin dè é mọ́lẹ̀ pinpin, wọn a da epo díẹ̀ sínú ihò náà, wọn a ṣáná sí i. Kí epo tó jó tán, ooru yóò ti mú rọ́bà tuntun àti ti àtijọ́ di ọ̀kan. Ohun tí Charles Goodyear gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1844, pé ooru àti imí-ọjọ́ ń sọ rọ́bà di ohun tí kì í yọ́, tí kì í sì í gan, òun náà ni wọ́n ń ṣe lẹ́bàá títì pẹ̀lú ẹ̀yà mọ́tò tí ẹlòmíràn ti jù nù. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó kọ́ wọn. Ọmọ iṣẹ́ wo ọ̀gá, ó sì mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ náà léwu. Wíìlì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní òrùka irin tó ń di táyà mú. Bí òrùka náà kò bá jókòó dáadáa nígbà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó lè fò yọ, kó sì pa ẹni tó tẹrí ba sí i. Fọkanáísà tó gbọ́n a fi ṣéènì dè é, a sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí táyà aláìnítúùbù sì wọ̀lú, wọ́n kọ́ bí a ṣe ń ki okùn rọ́bà olóje sínú ihò láìbọ́ táyà, wọ́n sì tún máa ń ki túùbù sínú èyí tí etí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà náà kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní owó táyà tuntun kò béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọdún 1991 ló sọ iṣẹ́ yìí di iṣẹ́ gbogbo igun àdúgbò. Àwọn alátakò ìjọba Kamẹrúùnù pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n ti ìlú pa, takisí dúró, ọjà dúró. Ọ̀kadà ló bọ́ sí àlàfo náà, bendskin ni wọ́n ń pè é ní Douala, kò sì kúrò mọ́. Piet Konings kọ nípa àwọn tó ń wà á ní New Bell, bí wọ́n ṣe di ọ̀gá ojú títì. Táyà wọn tẹ́ẹ́rẹ́, èrò méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń gbé, ojú ọ̀nà àdúgbò wọn kò sì rí ọ̀dà. Níbi tí ọ̀kadà bá ti pọ̀, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń lẹ túùbù kì í jìnnà.

Ọ̀nà jíjìn ní tirẹ̀ ní àṣà mìíràn. Ní 2002, akọ̀ròyìn Robert Guest ti The Economist bá ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé ọtí Guinness rìn láti Douala lọ sí Bertoua, nǹkan bíi 500 kìlómítà. Ìrìn àjò tí wọ́n rò pé kò ní tó ọjọ́ kan gba ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n sì dá wọn dúró ní ìgbà 47. Nígbà òjò, ìjọba a máa gbé igi dábùú ojú ọ̀nà onílẹ̀ kí ọkọ̀ ńlá má bàa bà á jẹ́. Awakọ̀ a jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Ọlọ́pàá a béèrè ohun èlò pípa iná, àpótí oògùn, àti àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dúró. Ẹni tí kò bá ní àmì yẹn, ewé tútù àti ẹ̀ka igi ló ń ṣẹ́ sójú ọ̀nà láti ìwọ̀n jíjìn, gbogbo awakọ̀ tó ń bọ̀ sì mọ ohun tó túmọ̀ sí: ẹnì kan wà lábẹ́ ọkọ̀ níwájú.

Ní oríta Deïdo, ère gígùn kan dúró láti 1996, La Nouvelle Liberté, tí Joseph-Francis Sumégné fi irin àlòkù àti ẹ̀yà mọ́tò kọ́, mítà 12 ní gíga. Ọ̀pọ̀ ará ìlú bínú sí i nígbà tí wọ́n gbé e ró, wọ́n ní ìdọ̀tí ni. Ìlú tó ń fi ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì àlòkù lẹ táyà ló yẹ kó kọ́kọ́ mọyì rẹ̀.

Rọ́bà kò tíì dáwọ́ jíjáde dúró ní Kamẹrúùnù. Cameroon Development Corporation (CDC) tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947 ní tirẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà agbègbè Anglophone ti ṣe é lọ́ṣẹ́. Ìjọba dá Hevecam sílẹ̀ ní Niété lẹ́bàá Kribi ní 1975, ọgbà Dizangué náà sì ṣì wà. Nàìjíríà gbìyànjú láti ṣe táyà tirẹ̀: Dunlop ní Ìkẹjà, Michelin ní Port Harcourt. Michelin ti ilẹ̀kùn ní 2007, Dunlop sì dáwọ́ dúró kò pẹ́ lẹ́yìn náà, lára ohun tó sì fà á ni àìsí iná mànàmáná tó dúró. Lójú òǹkọ̀wé yìí, àdánù yẹn ju ti owó lọ, nítorí ọmọ iṣẹ́ tó yẹ kó lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣe táyà ló padà sídìí lílẹ táyà tòkunbọ̀.

Táyà tòkunbọ̀ ní àrùn tí ojú kì í tètè rí. Ó lè ní eyín dáadáa kó jẹ́ pé rọ́bà rẹ̀ ti gbó, pàápàá tó bá ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù ní Yúróòpù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Irú rẹ̀ kì í jò, bíbẹ́ ló ń bẹ́, lórí eré. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ a wá nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Èyí tó bá ka 2309, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2009 ni. Bí ẹni tó ń tà á bá kọjú nọ́ńbà náà sí ògiri, ẹ ní kó yí i padà kí ẹ tó dúnàá dúrà.