Ìwé tí Wọ́n Fi Yorùbá Kọ ní Ifẹ̀

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gbìyànjú ohun kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A', Mọ̀dákẹ́kẹ́: kí àwọn ọmọ fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọdún mẹ́ta péré ni wọ́n ń lò ó níbòmíràn. Ìwé ni ìṣòro. Ta ló ti fi Yorùbá kọ ìwé sáyẹ́ǹsì fún ọmọdé? Àwọn fúnra wọn jókòó, wọ́n kọ ti sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n wá orúkọ fún ohun tí kò lórúkọ. Nígbà tí wọ́n dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọdún mẹ́fà náà. Lọ́dún 2025, wọ́n wọ́gi lé e.