Iná Fọ́ọ̀gì àti Iṣẹ́ Ríwáyà Lójú Ọ̀nà Rẹ́mọ

Àwọn kan gbà pé fáàrí lásán ni iná fọ́ọ̀gì tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ àtijọ́. N kò bá wọn gbà á. Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Iná iwájú ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún apá òsì, etí ọ̀nà lósì ló máa ń tàn sí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wá ń gba apá ọ̀tún, ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò máa tàn sí, etí ọ̀nà tirẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Ẹ wá fi kùrukùru ìdájí kún un láàárín Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè. Iná tó wà nísàlẹ̀ bọ́ḿpà, tó tàn gbalaja sílẹ̀, ti kúrò ní oge.

Wọ́n á ní iná yìí ti jó ọkọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wáyà ni kí ẹ bi. Gílóòbù méjì oníwáàtì 55 lórí bátìrì fóòtì 12 ń fa bí áḿpíà 9. Bí wọ́n bá já a mọ́ súìṣì iná iwájú Peugeot 504 tó ti gbó, súìṣì yóò gbóná, rọ́bà wáyà yóò yọ́. Ríwáyà, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó mọṣẹ́ a fi rílé (relay) sí i: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ láti súìṣì, wáyà nípọn láti bátìrì, fíúsì nítòsí bátìrì gan-an. Yóò sì ha ọ̀dà ara irin kúrò kó tó de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń tan iná náà nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, ìyẹn ló ń ṣe fáàrí.